Ṣé Kútọnu lẹ ti fẹ́ lọ rajà láti Ifẹ̀? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kówó jáde nílé

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ní ìdájí, tó gba Ìbàdàn dé Èkó, tó sì tètè bọ́ sójú ọ̀nà Badagry, lè wà ní Kútọnu kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ò bá dá a dúró. Kò sí bàálù nínú ìrìn àjò náà, kò sí físà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ kà á sí pé òkè òkun làwọn ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí London á fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Kútọnu á kàn so owó mọ́dìí, á gbé báàgì kọ́ èjìká, á ní ṣebí ẹ̀yìnkùlé Badagry náà ni. Kó tó padà délé, owó tó yẹ kó fi rajà á ti tán sọ́wọ́ àwọn tí ò ta nǹkan kan fún un.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ni Olómìnira Benin. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣèjọba níbẹ̀, owó wọn yàtọ̀, òfin wọn yàtọ̀, ọlọ́pàá wọn ò sì mọ bàbá ẹnikẹ́ni n'Ifẹ̀. Àwọn ìyálọ́jà tó ti ń ná ọjà Kútọnu láti ọdún pípẹ́ mọ èyí dáadáa. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta aṣọ, bàtà àti lọ́fíńdà lórí fóònù ní Lagere àti nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n ti gbọ́ pé pọ́ọ́kú lowó ọjà ní Dantokpa.

Ṣé pọ́ọ́kú ni lóòótọ́? Ìgbà kan wà tó rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2005, ₦1,000 máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di 4,000 owó CFA, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní sẹ́fà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ₦1,000 yẹn kan náà ò ju nǹkan bíi 400 sẹ́fà lọ mọ́. Ìyẹn ni pé oníṣòwò tó kó ₦500,000 lọ nígbà yẹn ní bíi mílíọ̀nù méjì sẹ́fà lọ́wọ́ láti ná. Lọ́dún 2024, owó náà ò ju bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lọ. Ẹ̀bi àwọn ará Kútọnu kọ́. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ owó ilẹ̀ Yúróòpù, pé 655.957 sẹ́fà ni yóò máa jẹ́ euro kan, kò sì tíì kúrò lójú kan náà. Náírà ló já wálẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ò sí ní Kútọnu, ilé ló wà. Kí oníṣòwò pe ẹni tó bá mọ̀ níbẹ̀, kó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọjà náà ní sẹ́fà, kó sọ ọ́ di náírà ní iye tí wọ́n ń pààrọ̀ owó lọ́jọ́ náà. Kó fi owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀ lé e, kó fi owó oúnjẹ àti ti ibi tó máa sùn lé e, kó sì má gbàgbé owó orí ẹrù tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà. Lẹ́yìn náà, kó béèrè iye tí wọ́n ń ta irú ọjà kan náà ní Gbági, n'Ìbàdàn, àti ní Balógun, l'Ékòó. Bí ohun tó kù láàárín méjèèjì ò bá tó nǹkan, kó jókòó jẹ́ẹ́. Nínú àwọn tó ń fi Kútọnu yangàn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé fáàrí ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe òwò.

Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó lákàáǹtì lórí ti rí. Bí náírà ṣe já wálẹ̀ yìí, ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ti rọjú lọ́wọ́ ẹni tó ń ná sẹ́fà. Oníṣòwò tó bá gbé ọjà lọ tà, tó wá fi sẹ́fà tó pa níbẹ̀ ra èyí tó fẹ́ gbé bọ̀, kò fi náírà ra sẹ́fà rárá. ECOWAS ní ètò kan tó yọ owó orí ẹrù kúrò lórí ọjà tí wọ́n bá ṣe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ náà. Ọjà tó bá jáde láti ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ohun oko tí wọn ò tíì sọ di nǹkan mìíràn àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ò nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun oko ni Nàìjíríà fẹ́ kó jáde o. Àgbàdo wà lára ohun tí òfin ní wọn ò gbọdọ̀ kó kọjá ẹnubodè, bẹ́ẹ̀ náà ni gẹdú àti pákó, awọ ẹran tí wọn ò tíì ṣe, àti irin àlòkù. Ará Ifẹ̀ tó bá ń ronú pákó kó yáa ronú nǹkan mìíràn.

Ìwé ìrìnnà ló kàn. Ohun táwọn èèyàn máa ń sọ ni pé ECOWAS ti ní kí tẹrú-tọmọ máa lọ máa bọ̀. Ààbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar lóṣù karùn-ún ọdún 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àdéhùn yẹn kan náà ló sọ pé olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dání. Físà ni wọ́n yọ, wọn ò yọ ìwé. Mali, Burkina Faso àti Niger jáde nínú ẹgbẹ́ náà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n Benin àti Togo ò bá wọn lọ.

Òṣogbo ni ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ẹni tí ò bá ní nọ́ńbà NIN ò lè rí i gbà, orúkọ tó sì wà lórí NIN náà gbọ́dọ̀ bá èyí tó fẹ́ kọ sínú páásípọ́ọ̀tù mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á lọ á bọ̀ títí tí yóò fi sú u. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìjọba ti sọ owó olójú-ewé 32, tó ń lo ọdún márùn-ún, di ₦100,000. Àwọn kan á pariwo pé owó ńlá ni. Owó ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ kí wọ́n ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀kan lóṣù á fi ìwé náà rin ìrìn àjò ọgọ́ta láàárín ọdún márùn-ún. Kò tó ₦1,700 lórí ìrìn kan. Ẹni tí ò níwèé ò lè bá ẹnikẹ́ni ní ẹnubodè jiyàn iye tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun; iye tí wọ́n bá dá lé e náà ló máa san, lálọ àti lábọ̀. Bí wọ́n bá jà á lólè ní Kútọnu, kò lè fẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nítorí òun gan-an á kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe wọ̀lú. Kò lè ra káàdì fóònù lórúkọ ara rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní gbà á.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti fi ìwé ìrìnnà ECOWAS, èyí tí kò nípọn tó páásípọ́ọ̀tù, tó sì máa ń lo ọdún méjì, ná ọjà náà rí. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀, inú ọ́fíìsì Immigration ni kó ti lọ béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró káàkiri ní Sẹ̀mẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹ́lò káàdì náà rí bákan náà. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni káàdì náà ń jẹ́rìí sí. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un ni káàdì náà tó wúlò lábẹ́ òfin àgbáyé, nítorí náà ẹni tó fẹ́ rìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù. Láti oṣù keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ti tó, kò sí pé ọdún mẹ́wàá ti pé mọ́. Nàìjíríà náà ti sọ káàdì tirẹ̀ di ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2019. Káàdì tí wọ́n tà fún èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà láìgún un lábẹ́rẹ́, bébà lásán ni.

Láti Ifẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Àwọn mìíràn ń gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìdí-Ìrókò, tí wọ́n á fi já sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, kí wọ́n tó dé Kútọnu. Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n kọ́ ibùdó ẹnubodè àjùmọ̀lò sí, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon jọ ṣí lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ibẹ̀ ni kí èrò wọlé sí tààrà, kó gba òǹtẹ̀ àjáde ti Nàìjíríà, kó sì gba òǹtẹ̀ ìwọlé ti Benin. Àwọn ọlọ́kadà á máa pariwo pé àwọn mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ò ní òǹtẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá bá wọn lọ ti wọ orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn láìgbàṣẹ nìyẹn, ìgbà tó bá ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ló máa mọ iye tí ìyẹn ná an. Kí èrò má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà Badagry. Bí ọjọ́ bá ti lọ kó tó kúrò l'Ékòó, kó wá ibi sùn, kó jí lọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò ara rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé mọ́tò pípé, láísẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ ìwọlé fún ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù Benin, àti ìwé adójútòfò tí wọ́n ń pè ní Brown Card, tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu fúnra rẹ̀ lọ́dún 1982. Adójútòfò ti Nàìjíríà nìkan ò ní gbè é bó bá kọlu èèyàn lọ́hùn-ún.

Níbi pípààrọ̀ owó lojú ti máa ń já àwọn àlejò. Kó tó kúrò n'Ifẹ̀ ni kí oníṣòwò ti mọ iye tí ₦1,000 jẹ́ lọ́jọ́ náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Sẹ̀mẹ̀, kó béèrè lọ́dọ̀ ẹni méjì ó kéré tán, kó pààrọ̀ ìwọ̀nba tó máa fi wọ mọ́tò tó máa fi jẹun, kó fi ìyókù sílẹ̀ di inú ìlú. Kó fi kakulétọ̀ ara rẹ̀ ṣírò, kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ fún un. Kó ka owó náà tán kó tó yọ tirẹ̀ sílẹ̀. Kó sì wo ojú owó dáadáa: oríṣi sẹ́fà méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ BCEAO sí ni ti Benin, Togo, Côte d'Ivoire àti àwọn tó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn. Èyí tí wọ́n ń ná ní Kamẹrúùnù àti Gabon jọ orúkọ rẹ̀, iye kan náà ni wọ́n sì so méjèèjì sí lára euro, ṣùgbọ́n kò sí alátẹ kan ní Dantokpa tó máa gbà á. Ẹni tí owó tó ń kó jáde bá ju $10,000 lọ, yálà náírà tàbí owó ilẹ̀ òkèèrè, òfin ní kó sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá dákẹ́ lè pàdánù ẹ̀.

Nínú ìlú Kútọnu, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zemidjan ló ń gbé èrò. Èdè Fọ̀n ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì ju “gbé mi kíákíá” lọ. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ máa ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ yẹ́lò tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Kí èrò ná owó kó tó gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ò burú tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Àjàṣẹ́, Ìpóbẹ́, Sakété àti Kétu. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ọ nínú ọjà Kútọnu. Fún ará Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ìbátan pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ààfin Alákétu àti ti Oníṣàbẹ, ilẹ̀ Benin ló wà, Ilé-Ifẹ̀ sì ni ìtàn wọn ń tọ́ka sí. Ní Togo, ní agbègbè Atakpamé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé Ifẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn títí dòní. Ẹni tó bá sọ pé Ifẹ̀ lòún ti wá á rí ẹni kí i. Àmọ́ kó má retí pé wọ́n á tìtorí Odùduwà yọ owó kúrò lórí lẹ́ẹ̀sì.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni Faransé owó. Kí oníṣòwò kọ́kọ́ kí ọlọ́jà ní “bonjour” kó tó béèrè iye ọjà, nítorí wọ́n ka ẹni tí ò kí wọn sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, iye tí wọ́n máa pè fún un á sì yàtọ̀. Kó mọ̀ pé “cent” ni ọgọ́rùn-ún, “mille” ni ẹgbẹ̀rún. Kó ṣọ́ra gidi pẹ̀lú “deux mille” àti “douze mille”. Ìkíní, 2,000, ìkejì, 12,000. Nínú ariwo ọjà, etí tí ò mọ́ ọn lára ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kí ọlọ́jà tẹ iye náà sórí fóònù kí àwọn méjèèjì jọ rí i, ìjà ò ní sí.

Kí oníṣòwò pe oníbàárà rẹ̀ kó tó kúrò n'Ifẹ̀, pàápàá ẹni tó ti pẹ́ tó ti lọ kẹ́yìn. Ìjọba Talon, tó gorí àlééfà lọ́dún 2016, ṣètò láti tú Dantokpa ká létí ọ̀sà, kí àwọn tó ń ta ọjà lójú-ẹsẹ̀-púpọ̀ sì lọ sí Akassato, nítòsí Abomey-Calavi. Ibi tí ìsọ̀ kan wà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn lè má jẹ́ ibẹ̀ mọ́. Bí nọ́ńbà oníbàárà náà ò bá lọ, kì í ṣe pé ó sá. Láti ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n ti fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà fóònù ilẹ̀ Benin. Kí ó tẹ 01 lẹ́yìn +229, kó tó tẹ nọ́ńbà àtijọ́.

Wàyí o, kí ni kò gbọdọ̀ rà? Èyí ló ti sọ ọ̀pọ̀ olówó di aláìní lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òfin Nàìjíríà ò gba kí wọ́n kó aṣọ òkìrìkà wọlé láti ibikíbi. Kò gba adìẹ àti tòlótòló inú yìnyín. Ìrẹsì ò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti ọdún 2016, mọ́tò náà ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Gbogbo ìwọ̀nyí ló wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ ní Kútọnu, tí wọ́n ń ta wọ́n ní gbangba, nítorí kò sí òfin tó dè wọ́n lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń tà á á gba owó rẹ̀, á kí èèyàn pé ó dàbọ̀. Láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Ìbàdàn, kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá mọ́tò dúró níbikíbi, ẹrù náà sì lọ nìyẹn.

Ọjà tí òfin gbà, bíi lọ́fíńdà, kí oníṣòwò má ṣe sọ pé ẹrù ara òun ni nígbà tó jẹ́ dọ́sìnnì mẹ́rin. Kó gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kó san owó orí ẹrù, kó sì gba ìwé ìjọba tó fi hàn pé ó san án. Ìwé yẹn ló máa fi ẹnu àwọn tó kù lójú ọ̀nà mọ́. Owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìfún un níwèé, ó máa san òmíràn níwájú.

Lápá ibi tó ń lọ náà, àwọn nǹkan kan wà tó máa ń kó ará Nàìjíríà sí wàhálà. Benin ṣòfin lọ́dún 2017 tó gbógun ti àpò láílọ́ọ̀nù tí kì í jẹrà. Kó kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò aṣọ. Òògùn ló burú jù: láti ọdún 2017 kan náà ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ líle mú àwọn tó ń ta òògùn òyìnbó láìníwèé àṣẹ, wọ́n sì ń rán wọn lẹ́wọ̀n. Ẹni tó ń lo òògùn ara rẹ̀ kó mú ìwọ̀nba dání pẹ̀lú ìwé dókítà, kó má sì bá ẹnikẹ́ni gbé páálí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ tó ń gbé ère idẹ àti ti amọ̀ lọ tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tó ní ilé mùsíọ́mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin l'Énúwá. Òfin ò gba kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde lórílẹ̀-èdè yìí, kọ́sítọ́ọ̀mù ò sì lè fi ojú lásán mọ orí tí wọ́n rọ lánàá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n wú nínú ilẹ̀. Ìwé náà ló máa sọ fún wọn. Àwọn babaláwo àti oníṣẹ̀ṣe tó ń lọ sí Ouidah fún ọdún Vodun, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní, kó tètè gba yàrá sílẹ̀, nítorí èrò máa ń wá láti Brazil, Haiti àti Amẹ́ríkà lásìkò yẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá sí Lomé kó rántí pé wákàtí kan ni aago Togo fi wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà àti Benin.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa mọ́ ọjà. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ẹni tó ti sanwó ọjà sílẹ̀ ní Kútọnu láìtíì gbé e, tàbí tó kó ọjà ránṣẹ́ láwìn, ó lé ní ọdún kan tó fi wo owó rẹ̀ lókèèrè. Iye tí oníṣòwò bá lè rà, tó lè san owó orí rẹ̀, tó sì lè gbé wálé nínú ìrìn àjò kan náà, ni kó máa fi ra ọjà níbẹ̀.